Ọta Ló Ń Jẹ Owó, Kì í Ṣe Ìbọn

Ọ̀rọ̀ òní gùn, mo ti sọ fún yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ọ̀gá yín má bàa sọ pé pásítọ̀ ló ń dá iṣẹ́ òun dúró.

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, arábìnrin kan wá rí wa ní ọ́fíìsì ìjọ ní Àkúrẹ́. Èmi àti ìyàwó mi la jọ gbà á lálejò, nítorí n kì í dá jókòó gbọ́ ẹjọ́ ilé ẹnikẹ́ni lẹ́nu ìyàwó rẹ̀. Kò sunkún. Kò bú ọkọ rẹ̀. Ó kàn yọ ìwé kékeré kan jáde nínú báàgì, irú èyí tí àwọn ìyá wa lọ́jà fi ń kọ gbèsè oníbàárà sílẹ̀, ó gbé e síwájú wa, ó ní, "Daddy, ẹ bá mi kà á. Bóyá èmi ni mi ò mọ ìṣirò."

Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ òun àti ọkọ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Mi ò ní dárúkọ wọn, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe máa wá wọn kiri nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Tí ẹ bá rò pé ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ ò mọ̀ wọ́n.

Ọkọ rẹ̀ ń gba iṣẹ́ ilé kíkọ́ ṣe. Èèyàn dáadáa ni. Kì í mutí, kì í tẹ̀lé obìnrin, kì í sì í pẹ́ dé ìsìn. Ìgbà tí dókítà sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé kó wá nǹkan tí yóò máa gbé e dìde lórí àga, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú un lọ sínú igbó láti lọ yìnbọn ní Sátidé kan. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn márùn-ún ni wọ́n. Wọn á kúrò ní Àkúrẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn á gba ọ̀nà Oǹdó, wọn á yà wọgbó, ọdẹ àdúgbò kan á máa ṣíwájú wọn. Kí wọ́n tó wá ẹran rárá, wọn á kọ́kọ́ bá ara wọn díje: wọn á to agolo mílíìkì sórí igi tó ti wó, ẹni tó bá yìn èyí tó pọ̀ jù lulẹ̀ ni yóò jẹ́ ọ̀gá ọdẹ fún ọ̀sẹ̀ náà. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn ló ń ra mínírà. Ọkùnrin ni wá, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Tí wọ́n bá ti fi ẹnìkan ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, kó sí ohun tí kò ní ṣe kó lè jẹ ọ̀gá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni tiẹ̀. Mo béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀, ó sì fi hàn mí. Ìbọn ọ̀hún kò ná an ní kọ́bọ̀, torí bàbá rẹ̀ ló jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì lọ gba ìwé sí orúkọ ara rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa. Ìbọn ọ̀fẹ́ ni.

Ó yá, ohun tó wà nínú ìwé arábìnrin náà rèé. Láti January títí di òpin October, Sátidé 34 ni wọ́n lọ. Ogún kátíríìjì ní ìjáde kan, ìyẹn 680. Ó ní ₦1,200 ni ọkọ òun ń ra ẹyọ kan (lọ́dọ̀ tiyín ó lè jù bẹ́ẹ̀, ó lè dín). Èyí nìkan jẹ́ ₦816,000. Epo mọ́tò, ₦18,000 lọ́jọ́ kan, ó di ₦612,000. Ìpín tiẹ̀ nínú owó ọdẹ tó ń mú wọn wọgbó, ₦68,000. Oúnjẹ àti mínírà, ₦255,000. Bàtà ńlá, tọ́ọ̀ṣì àfisórí, jákẹ́ẹ̀tì alápò púpọ̀, ₦145,000. Wọ́n tún ìdí ìbọn náà ṣe lẹ́ẹ̀kan, ₦60,000.

₦1,956,000.

Ìyàwó mi tún un rò lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Iye kan náà ló ń bọ́ sí. Kò tíì ka owó ìwé àṣẹ mọ́ ọn o.

Ní July 2024, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ₦70,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù. Ẹ fi í lọ́nà méjìlá, ₦840,000 lọ́dún. Ohun tí ọkùnrin yìí fi yin agolo mílíìkì ní oṣù mẹ́wàá, ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù yóò ṣiṣẹ́ ọdún méjì àti oṣù bíi mẹ́rin kó tó rí i, tí kò bá jẹun, tí kò wọ ọkọ̀, tí kò san owó ilé.

Ẹran ńkọ́? Arábìnrin náà kọ ìyẹn náà sílẹ̀, àfi bí akọ̀wé báńkì. Ọ̀yà mẹ́ta, àparò méjì, òkété kan. Ẹran mẹ́fà. Ẹ pín ₦1,956,000 sí mẹ́fà, ₦326,000 ni ìkọ̀ọ̀kan. Mo bi í léèrè, mo ní, "Òkété náà ńkọ́, ṣé ó dùn?" Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti jókòó. Ó ní, "Daddy, ó korò nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ tán."

Lẹ́yìn náà ni mo rí ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà kékeré: owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wọn obìnrin, ₦185,000, àti lábẹ́ rẹ̀, "mo ta mẹ́síìnì kan." Aránṣọ ni arábìnrin yìí. Mẹ́síìnì méjì ló ní. Nígbà tí wọ́n dá ọmọ náà padà wálé ní oṣù kẹsàn-án, ó ta ọ̀kan, ó san owó náà, kò sì sọ fún ọkọ rẹ̀ nítorí pé ọkọ ti ní kó fara dà á títí òun yóò fi gba owó iṣẹ́ kan.

Ọkọ rẹ̀ wá ní ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e. Mi ò fi ìwé hàn án lójú ẹsẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ bi mí, ó ní, "Daddy, ẹ dákun, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni ìbọn yíyìn? Àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sílé ọtí. Èmi ò lọ. Àwọn kan ń kó obìnrin kiri. Èmi ò kó. Ẹ̀jẹ̀ mi tó ń ru ti wálẹ̀. Sátidé nìkan ni mo ní."

Mo ní, "Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀." Mo mọ̀ pé èyí á bí àwọn kan nínú yín nínú, torí ẹ̀yin kan ń retí kí n sọ pé ti Ògún ni ìbọn, pé Kristẹni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Irin ni ìbọn. Irin náà ni ọkọ́ tí ẹ fi ń roko, irin ni mọ́tò tí ẹ ń gbé wá sí ìsìn. Mo sọ fún un pé ohun tí òun sọ nípa ọtí àti obìnrin, òótọ́ ni, mo sì gbà á fún un. Lẹ́yìn náà mo bi í pé èló ni eré yìí ń ná an lọ́dún.

Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Kò tó nǹkan, Daddy. Bóyá ₦300,000. Ṣebí ìbọn bàbá mi ni."

Kò purọ́ o. Mo wo ojú rẹ̀, ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ó mọ iye náà, tó sì ń fi pamọ́, ọ̀rọ̀ ìbáwí ni ìbá jẹ́, ìwàásù tiẹ̀ kò sì le. Ṣùgbọ́n kò mọ̀. Ìbọn ni èèyàn máa ń rí. Ó wà lára ògiri, ó tóbi, a mọ iye tí wọ́n rà á tàbí pé a jogún rẹ̀. Ọta kò rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ là ń rà á bí ẹni ń ra káàdì fóònù, bí a bá sì ti yìn ín tán, páálí rẹ̀ wà nínú ewé, kò sí ẹni tó ń kó páálí wálé wá kà. Epo mọ́tò, ó ti jó. Mínírà, ó ti wọ inú. Ohun tí kò bá ṣẹ́ kù sí ojú, ọkàn kì í kà á.

Mo wá ṣí ìwé náà fún un. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Mẹ́síìnì wo?" Obìnrin náà ní, "Èyí tí ẹ rà fún mi nígbà tí mo ṣe fírídọ́ọ̀mù." Èmi àti ìyàwó mi jáde síta, a lọ dúró nídìí jẹnẹrétọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa bàbá tèmi. Ní ìlú Oǹdó ni wọ́n bí mi, àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, ọdẹ sì ni. Tí ọdún Ògún bá dé, ẹ̀yin tí ẹ gbé Oǹdó mọ bí ìró ìbọn ṣe máa ń rí láàárín ìlú, tí àwa ọmọdé á máa fi ọwọ́ di etí, a ó sì tún máa sún mọ́ ibẹ̀. Bàbá mi kì í yìn ju ẹyọ kan lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi ṣe ẹ̀sín pé ahun ni. Ó máa ń ní, "Ẹ̀tù mi kò mọ ijó."

Ṣakabùlà ló ń lò. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Èèyàn á da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, á ki nǹkan bò ó, á fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, á da ọta sí i, á tún ki, á tún gún, kó tó wá tọ́jú ibi tí iná yóò ti ràn. Tí o bá yìn ín tí o kò bá ẹran, kí o tó kì í tán, ẹran náà ti dé oko ẹlòmíràn. Nítorí náà, ìbọn yẹn fúnra rẹ̀ ló ń bá bàbá mi ṣọ́wó. Kò sí bó ṣe lè yin ogún ní ìdájí kan. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì, ní tiẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ, ẹ ki méjì sí i, ẹ pa á dé, ó ti yá. Kí ẹ tó mí lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti ná owó kátíríìjì méjì. Ẹ̀rọ tó bá yá máa ń yá níná owó pẹ̀lú. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí a ń kọ lẹ́tà?

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín pé ọdẹ bàbá mi kò ná wa ní nǹkan kan. Ẹran tó ń mú wálé ju owó ẹ̀tù lọ, ìyẹn dájú. Mo jẹ nínú rẹ̀, mo fi lọ sílé ìwé. Ìyá mi ló san èyí tó kù. Ní gbogbo òru tí bàbá mi bá wà nígbó, ìyá mi kì í sùn. Yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà tòun ti fìtílà, yóò máa gbọ́ ìró. Tí ìbọn bá dún lókèèrè, yóò kà á lábẹ́ ahọ́n. Tó bá dún lẹ́ẹ̀mejì ní kíákíá, yóò dìde dúró, torí ìbọn bàbá mi kì í dún lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ni pé ẹlòmíràn wà nínú igbó náà, ọdẹ sì máa ń ṣèèṣì yìnbọn fún ọdẹ. Èmi tí mo sùn ti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo mọ̀. Kò sí ẹni tó kọ ìyẹn sínú ìwé kankan. Nígbà tó dàgbà, tí oorun kò wá mọ́ ní òru, tí a ń gbé e kiri ilé ìwòsàn, mo máa ń ronú sí fìtílà yẹn.

Owó tún wà tí àwọn ará àdúgbò ń san. Ní 5 June 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, nínú ìpínlẹ̀ wa yìí, wọ́n sì pa èèyàn tó lé ní ogójì nínú ìsìn. Láti ọjọ́ náà, ìró ìbọn kò jẹ́ ohun kan náà mọ́ létí wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo lọ síbi ìsìnkú bàbá àgbà kan ní Oǹdó. Àwọn ọdẹ yìnbọn láti yẹ́ ẹ sí, bí àṣà wọn. Obìnrin kan tó jókòó ní ìlà iwájú mi ti wà nílẹ̀ lábẹ́ àga kí ìkejì tó dún. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni. Nígbà tí a gbé e dìde, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, gèlè rẹ̀ ti bọ́, ó sì ń bẹ gbogbo wa pé ká máà bínú. Òun ló ń bẹ̀ wá! Àwọn tó yìnbọn náà kò ṣe nǹkan burúkú. Wọn kò kàn mọ̀ pé òun ló ń san owó rẹ̀ ni.

Àwọn ọ̀dọ́ wa á sọ pé, "Daddy, eré ìdárayá ni àwọn òyìnbó fi ń ṣe." Bẹ́ẹ̀ ni. Láti 1896 ló ti wà nínú ìdíje Òlíńpíìkì. Ní Paris lọ́dún 1900, ẹyẹlé gidi ni wọ́n tilẹ̀ ń yìn. Àwo amọ̀ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ báyìí, tí ẹ̀rọ ń jù sókè, tí wọ́n sì tún ń pè é ní ẹyẹlé. Ọ̀wọ́ kan jẹ́ àwo 25. Ẹ jẹ́ ká fi ₦1,000 ṣírò kátíríìjì kan, torí kó lè rọrùn. Ẹni tó bá yin ọ̀wọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, kátíríìjì 1,300 lọ́dún, ₦1,300,000. Ọ̀wọ́ kan ṣoṣo nìyẹn o. Nínú Òlíńpíìkì, àwo 125 ni wọ́n ń yìn kí wọ́n tó mọ ẹni tó máa dé ìpele àṣekágbá.

Ní 2024, àwọn ọmọ mi fi àwòrán ọkùnrin ará Tọ́kì kan ránṣẹ́ sí mi, Yusuf Dikeç, tó gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà pẹ̀lú obìnrin tí wọ́n jọ díje. Ẹni ọdún 51 ni nígbà náà. Gbogbo ayé ń rẹ́rìn-ín torí pé ó fi ọwọ́ kan sápò, ó wọ ìwo ojú lásán bí ẹni fẹ́ ka ìwé ìròyìn, nígbà tí àwọn yòókù de oríṣiríṣi nǹkan mọ́ ojú. Àwọn ọmọ mi kọ ọ́ pé, "Daddy, ẹgbẹ́ yín rèé." Inú mi dùn, mi ò tan yín. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ mú níbẹ̀ ni pé kò pọn dandan kéèyàn náwó. Àmọ́ láti Beijing 2008 ni ọkùnrin yìí ti ń lọ sí Òlíńpíìkì, ti 2024 ni ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, ọ̀dọ̀ ìjọba rẹ̀ ló sì ti ṣiṣẹ́ agbófinró rí. Ta ni ẹ rò pé ó ń ra ọta tó fi kọ́ṣẹ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Ẹni tó bá wo aṣọ rẹ̀ kò rí owó náà.

Ọmọ ìjọ wa kan tí a tọ́ níbí, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní England báyìí, wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń yin àwo amọ̀. Mo pè é nítorí ọ̀rọ̀ yìí, mo ní kó ṣàlàyé fún mi. Ó ní láti February 2025, £194 ni ọlọ́pàá ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìbọn irú èyí, ọdún márùn-ún ni yóò sì fi lò ó. Ẹ pín in, kò tó £39 lọ́dún. Ó ní, "Daddy, ìyẹn kọ́ ni wàhálà. Kátíríìjì ni." Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló ń lọ, àádọ́ta àwo ní ìjáde kan, 1,200 lọ́dún. Ohun tó ń ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Tí January bá dé, òun àti ìyàwó rẹ̀ á jókòó, wọn á ya £1,400 sọ́tọ̀ sí àkáǹtì kan fún eré yìí, pẹ̀lú kátíríìjì, owó pápá, epo mọ́tò àti gbogbo rẹ̀. Ìyàwó á ya tiẹ̀ náà sọ́tọ̀. Bí owó náà bá tán, eré tán nìyẹn títí ọdún á fi yí. Lọ́dún tó kọjá, October ló tán. Mo bi í pé kí ló wá ń ṣe ní Sátidé láti October dé December. Ó ní, "Mò ń nu ìbọn, Daddy."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà nílé ńbí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó lọ máa ṣe tiyín, òfin wa yàtọ̀. Òfin ìbọn ti 1959 ṣì ni a ń lò ní Nàìjíríà. Ìbọn ìléwọ́ kò sí fún ará ìlú lásán. Ìbọn ọdẹ ìgbàlódé, láti ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni àṣẹ rẹ̀ ti ń wá. Ìbọn oníafẹ́fẹ́ tí ẹ fi ń yin àdàbà, tí ẹ ń pè ní nǹkan ìṣeré, òun náà wà nínú òfin yẹn. Òfin náà sọ pé kí wọ́n má fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, ẹni tí kò ríran dáadáa, tàbí ẹni tí kò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ti ẹ̀yìn yìí ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tó kọ òfin náà ti mọ ọkùnrin. Èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ ní bòókẹ́lẹ́, tí ẹnìkan máa ní kí o rà lówó pọ́ọ́kú, ẹ sá fún un. Owó ẹ̀wọ̀n kò sí nínú ìṣirò tí mo ṣe lókè yìí.

Ìgbà tí èmi àti ìyàwó mi padà wọlé ní ọjọ́bọ̀ yẹn, ọkùnrin náà ní òun á ta ìbọn náà. Mo ní rárá. Ẹ máa yà yín lẹ́nu, àmọ́ mo rò pé ìyẹn ni ọkùnrin fi máa ń sá fún ìṣirò. Á ṣe ìpinnu ńlá kan pẹ̀lú omijé, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta á gba nǹkan mìíràn bẹ̀rẹ̀, á tún máa ra á díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ru yóò sì tún máa ru. Mo ní kó mú ìwé náà, kí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ kọ iye kan sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀, kí January tó wọlé. Kí ó kọ́kọ́ dá mẹ́síìnì padà. Kí owó ilé ẹ̀kọ́ jáde. Iye tó bá ṣẹ́ kù fún ìbọn, ì báà ṣe Sátidé márùn-ún péré, kí ó lọ gbádùn Sátidé márùn-ún rẹ̀, kí ó má sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Ìyàwó mi wá bi í ní ìbéèrè kan tí kò wá sí mi lọ́kàn. Ó ní, "Ẹ̀yin lọ sígbó ní Sátidé 34. Kí ni ìyàwó yín ń fi Sátidé tiẹ̀ ṣe?" Ọkùnrin náà la ẹnu, kò rí nǹkan sọ. Ó yíjú sí obìnrin náà. Obìnrin náà ní òun máa ń ránṣọ. Ìyàwó mi ní, "Èyí jẹ́ iṣẹ́. Eré tìrẹ ńkọ́?" Òun náà kò rí nǹkan sọ. Ó pẹ́ kó tó ní òun fẹ́ràn kí òun máa lọ kí ìyá òun ní Ìdànrè nígbà tí òun kò tíì lọ́kọ, kí àwọn jókòó sábẹ́ òkè, kí àwọn jẹ àgbàdo. Owó ọkọ̀ lọ-bọ̀ ni. Láti ọdún mẹ́rin kò tíì lọ.

Nínú ilé tí ẹnìkan ti ná ₦1,956,000 lórí ìgbafẹ́, ẹnìkejì kò rí owó ọkọ̀ dé Ìdànrè. Tí ẹ bá ní kí n fi ìka tọ́ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ni màá fi tọ́, kì í ṣe ara ìbọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń tẹ̀wé báyìí, tí wọ́n fẹ́ bi mí nípa ìdámẹ́wàá. Ẹ rọra. Ìwé ìnáwó ìjọ wa wà lára ògiri lẹ́bàá ọ́fíìsì, ẹ wá kà á. Èyí tí kò sí lára ògiri ni tèmi fúnra mi, ìyàwó mi ló sì rán mi létí nígbà tí a ń lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó dákẹ́ títí a fi kọjá ọjà ọba, ó wá ní, "Pásítọ̀, kámẹ́rà mélòó ló wà nílé?" Kámẹ́rà tí mo ń rà láti fi gbé ìsìn sórí fóònù yín, àti ìmọ́lẹ̀, àti máìkì, àti okùn, èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀ka náà tí a máa ń bá ìjọ kejì díje lórí ẹni tí àwòrán rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Mo sọ fún un pé kò tó nǹkan. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn. A jókòó kọ ọ́. Mi ò ní sọ iye náà fún yín níbí, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìjọ ti rí i, n kò sì ní ra kámẹ́rà kankan lọ́dún tó ń bọ̀. Tí àwòrán ìsìn bá ṣú díẹ̀ lójú yín, ẹ fara dà á.

Lúùkù orí 14, láti ẹsẹ 28, la ó kà ní ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ọjọ́ Tuesday, aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Tọkọtaya ni mo ń pè, kì í ṣe ọkọ nìkan. Ẹ mú ìwé kékeré kan àti bírò dání. Ẹni tó bá mú fóònù wá láti fi ṣírò, ó dára náà, àmọ́ kí ó kọ́kọ́ kọ iye tó ń ná lórí fóònù ọ̀hún sílẹ̀.